Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ní Odógunyàn àti ní Houston

Mo ti lo oṣù mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Odógunyàn, ní Ìkòròdú, kí n tó mọ̀ pé mo wà nínú ẹgbẹ́ kankan. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí a fi ń di ọjà ni. Mo ti fi ọdún méjì ṣe káṣúà níbẹ̀, tí wọ́n ń ṣírò owó iṣẹ́ òòjọ́ fún mi, kí wọ́n tó fún mi ní ìwé pé mo ti di òṣìṣẹ́ gidi, inú mi sì dùn débi pé iye tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé owó oṣù nìkan ni mo máa ń wò. Lọ́jọ́ tí mo ka ìwé náà láti òkè, mo rí ìlà kan tí wọ́n ti yọ owó. Mo tọ akọ̀wé owó lọ, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, owó kí nìyí?" Ó ní owó ẹgbẹ́ ni. Mo ní ta ni mo sọ fún pé mo fẹ́ ṣẹgbẹ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Gbogbo yín náà la ń yọ ọ́ fún."

Ọ̀rọ̀ náà kò bí mi nínú, nítorí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ láti kékeré. Aránṣọ ni ìyá mi ní Ìtà-Ẹlẹ́wà, ẹni tó bá sì gba fúrídọ́ọ̀mù tán tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láìfojú han ẹgbẹ́, tàbí tó ń pa ìpàdé jẹ, wọn yóò wá tú orí máṣíìnì rẹ̀ lọ. Ó ṣojú mi nígbà tí àwọn ìyá méjì tú ti ọmọbìnrin kan, tí wọ́n fi ègé àǹkárá wé e bí ọmọ tuntun, tí wọ́n sì gbé e lọ. Ọmọbìnrin náà jókòó ti ẹsẹ̀ máṣíìnì tó ṣẹ́ kù títí ó fi rówó san.

Àṣé òfin Nàìjíríà kò sọ bẹ́ẹ̀ ní ti òṣìṣẹ́. Abala 40 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti dára pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá wù ú. Ní ọdún 2005, lẹ́yìn tí ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti ẹgbẹ́ NLC, tí Adams Oshiomhole jẹ́ ààrẹ rẹ̀ nígbà náà, ti bára wọn fà á léraléra lórí owó epo bẹntiróòlù, wọ́n tún òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìfẹ́ inú ẹni ni kí ẹni fi ṣẹgbẹ́, pé kí a má fi ipá mú ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́, kí a má sì fìyà jẹ ẹni tó bá kọ̀ ọ́ tàbí tó jáde. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ti là á yé wa pé ipò kì í ṣe ọgbọọgba: òṣìṣẹ́ kékeré níbi tí ẹgbẹ́ bá wà ni a ó kà sí ọmọ ẹgbẹ́ títí yóò fi kọ̀wé pé òun kò ṣe mọ́, nígbà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ àgbà ní láti kọ́kọ́ kọ̀wé pé òun fẹ́. Akọ̀wé owó wa kò jalè, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, n kò rí òṣìṣẹ́ kan tó mọ̀ pé a lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé báyìí, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan tí a ti ń kó oúnjẹ lọ sí àwọn ilé ìtajà. Ní ọdún 1947 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Taft-Hartley, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ààrẹ Harry Truman kọ̀ láti buwọ́ lù ú, òfin náà sì fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pàdánù iṣẹ́ nítorí pé kò san owó ẹgbẹ́. Texas gbé tirẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Ìpínlẹ̀ tó ní irú òfin bẹ́ẹ̀ lónìí jẹ́ 26. Bí kò bá wù ọ́ níbí, o kò ní san kọ́bọ̀, iṣẹ́ rẹ kò sì ní lọ. Síbẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ bá ti dìbò yan ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà ló ń bá ọ̀gá dúnàádúrà fún gbogbo wọn. Ẹni tó san àti ẹni tí kò san ni wọ́n jọ ń gba owó tí wọ́n bá fi kún owó iṣẹ́, òfin kò sì gba ẹgbẹ́ láyè láti fi ẹni tí kò san sílẹ̀ bí ọ̀ràn bá bá a.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débẹ̀, obìnrin kan wá jókòó níwájú mi nígbà tí mo ń jẹun ọ̀sán. Ọmọ Mẹ́síkò ni àwọn òbí rẹ̀, ó tó àbúrò ìyá mi lọ́jọ́ orí, òun sì ni aṣojú ẹgbẹ́ ní ẹ̀ka wa. Ó gbé káàdì àti bírò sórí tábìlì, ó gbé ọwọ́ lé wọn, ó wá bi mí pé kí ló ń yọ mí lẹ́nu níbi iṣẹ́. Mo ní kò sí. N kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí n kò mọ̀. Ó mú ìbọ̀wọ́ mi nílẹ̀, ó yí inú rẹ̀ síta, ó ti ìka òun bọ ihò tó wà níbi àtàǹpàkò, ó ní, "Èyí ńkọ́?" Ìbọ̀wọ́ yẹn ni mo ti ń wọ̀ nínú yàrá tútù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn nìyẹn ni. Lọ́sẹ̀ kejì, tuntun dé fún gbogbo wa, mo sì fọwọ́ sí káàdì. Nǹkan bí owó iṣẹ́ wákàtí méjì ni mo ń san lóṣù.

Gbogbo wa kọ́ ló fọwọ́ sí i. Ọkùnrin ará Vietnam kan wà ní tábìlì wa tó sọ fún obìnrin yìí lójúkojú pé òun kò ní san. Nígbà tó yá, ẹrù wó lórí ọkọ̀ tí ọkùnrin náà fi ń gbé e, wọ́n sì pè é sí ọ́fíìsì. Níbi tí ẹgbẹ́ bá wà, òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun kò ní dáhùn ìbéèrè tó lè fa ìyà títí aṣojú ẹgbẹ́ yóò fi jókòó ti òun. Láti ilé ìtajà kan ní Houston yìí kan náà ni ẹjọ́ tó mú ẹ̀tọ́ yẹn wá ti bẹ̀rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dá a ní ọdún 1975. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n pe aṣojú. Obìnrin yìí bo oúnjẹ rẹ̀, ó dìde, ó lọ. Wọ́n lò tó wákàtí kan níbẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fún un, iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ.

Títí di òní, kò san. Ó ń dùn mí, n kò sì fi pamọ́ fún un. A dáwó jọ se ọbẹ̀, ẹni tí kò dá kọ́bọ̀ sì ń gbé abọ́ wá. Mo gbà pé òfin Texas kò tọ́ níbi yẹn, nítorí àpò ẹgbẹ́ ń gbẹ, àwọn tó ń san sì ń rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò lè yọ owó mi láìbi mí, obìnrin náà ní láti wá sídìí tábìlì mi. Ní Odógunyàn, owó ń ti ọ́fíìsì lọ bá ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, aṣojú kò sì nílò ojú mi fún ohunkóhun. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí mo fi kúrò.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwa tí wọ́n ń yọ owó wa ni ìyà jẹ jù níbẹ̀. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò da ara rẹ̀ láàmú láti yọ owó tiwọn ni. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ káṣúà, ẹ̀rọ tí a fi ń gé ọ̀rá gé ìka méjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó dúró ti mí lóru ọjọ́ kan. Wọ́n fi àkísà dì í, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn, nígbà tí ilẹ̀ sì fi mọ́, ẹlòmíràn ti dúró sí ipò rẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ sọ pé kì í ṣe ọmọ àwọn, òótọ́ sì ni lórí ìwé. Ní Odógunyàn kan náà, ní ọdún 2002, iná jó ilé iṣẹ́ kan nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ sì kú. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn náà, síbẹ̀ ọwọ́ aṣọ́nà ni kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ tiwa náà máa ń wà lóru. Bí ẹnì kan bá wá sídìí wa láti bi wá pé kí ló ń yọ wá lẹ́nu, kọ́kọ́rọ́ yẹn ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní ilé iṣẹ́ mìíràn ní ojú ọ̀nà Ṣágámù báyìí. Ó pè mí lóṣù tó kọjá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé èèyàn lè kọ̀wé kí wọ́n má yọ owó ẹgbẹ́ mọ́, ṣé kí n kọ ọ́?" Mo ní kó má tíì kọ ọ́, kó kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ ìpàdé, kó lọ, kó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nípa àwọn káṣúà. Ó ti bi èèyàn mẹ́fà. Kò tíì rí ẹni tó mọ ọjọ́ náà.