Mo lọ kí Màmá Agatha Christie ní Cholsey, tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi

Ibojì Màmá Agatha Christie, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọmọ England, ni mo lọ kí ní Cholsey, abúlé kan ní England. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹjọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì sùn yín. Òwúrọ̀ kùtù ni mo wọkọ̀ ojú irin ní Paddington nílùú London, ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ lọ síbi iṣẹ́. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí ọ̀rẹ́ mi san nígbà tó lọ lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ dáadáa kẹ́ ẹ tó jáde o.

Paddington ṣáà dùn mọ́ mi. Ní 1957 Màmá kọ ìwé 4.50 from Paddington, níbi tí obìnrin kan ti yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀, tó rí ọkùnrin tó ń fún obìnrin lọ́rùn nínú ọkọ̀ kejì tí wọ́n jọ ń sáré. Gbogbo ọ̀nà ni èmi náà fi ń yọjú. Àwọn tó ń tẹ fóònù nìkan ni mo rí. Kọ́lá Akínlàdé ló fi Owó Ẹ̀jẹ̀ kó bá mi láti ilé ìwé. Mi ò lè rí àjèjì méjì kí n má fura.

Tíì wá ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù kan tí mo yà sí gba pọ́n-ùn 9 fún ife tíì kan àti kéèkì tó gbẹ bí èèpo igi. Ọmọge tó gbé e wá kò kí mi, kò wojú mi. Tíì náà sì korò! Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Màmá ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn nílé ìwòsàn ní Torquay, ìlú tí wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ló ti mọ májèlé bí ẹni mọ owó, òun ló sì fi pa ọ̀pọ̀ òkú inú ìwé rẹ̀. Mo wo inú ife mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo di kéèkì sínú báàgì.

Ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Mary's, mo kọjá lára ibojì rẹ̀ láìmọ̀. Mallowan ni mo rí lára òkúta, orúkọ ọkọ rẹ̀ awalẹ̀pìtàn, Christie sì ni ojú mi ń wá. Bàbá kan tó ń fa ajá kiri ló nawọ́ sí i fún mi, kò tilẹ̀ bi mí ohun tí mò ń wá. Ó ti mọ irú wa.

Ọjọ́ 12 oṣù kìíní 1976 ni Màmá kú. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo wá bi í léèrè: Màmá, kí lẹ lọ ṣe ní Harrogate? Ní 1926 ó di àwátì fún ọjọ́ 11, àwọn ọlọ́pàá ń wá a kiri, àṣé òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú Harrogate yìí ló wà, tó ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíì. Nígbà tó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, kò mẹ́nu bà á rárá. Ó tú àṣírí gbogbo apààyàn, ó gbé tirẹ̀ wọlẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn ju gbogbo ìwé lọ.

Wọ́n fagi lé ọkọ̀ tí mo fẹ́ bá padà. Fún wákàtí kan gbáko, kò sẹ́ni tó ń ta nǹkan kan ní téṣàn náà. Mo tú báàgì, mo jẹ kéèkì.