Àṣekágbá BAL: eré kan ṣoṣo kò tó láti mọ ọ̀gá

Láàárín 2021 sí 2025, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Basketball Africa League (BAL), ẹgbẹ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì gbé e lọ sílé: Zamalek, US Monastir, Al Ahly ti Cairo, Petro de Luanda àti Al Ahli Tripoli. Àwọn kan ní ẹ̀rí nìyẹn pé bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jùsáwọ̀n ti gbóná nílẹ̀ Áfíríkà. Ó gbóná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ń yan ọ̀gá lọ́dọọdún, alẹ́ kan kò sì tó fún iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta ló yẹ kó gba ife.

Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló ń péjọ sí ìlú kan fún ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, Kigali ní 2024, Pretoria ní 2025. Ẹni tí wọ́n bá ti lù lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ife ti tán lẹ́nu rẹ̀. Rivers Hoopers ti Port Harcourt tọ́ ọ wò ní 2024: Al Ahly Ly ti Benghazi lù wọ́n ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ipò kẹta ni wọ́n sì mú bọ̀. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó débẹ̀ rí nínú BAL ṣáájú wọn, ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá Hoopers ò bá ti rí ọgbọ́n dá sí Al Ahly Ly ká ní wọ́n tún pàdé lọ́túnla.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹgbẹ́ kan dára ju èkejì lọ débi pé bí wọ́n bá pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò borí lẹ́ẹ̀mẹfà. Bó bá jẹ́ eré kan ṣoṣo, 60 nínú 100 ni àǹfààní rẹ̀ láti gba ife. Bó bá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta, ó di 65. Ẹ̀ẹ̀mẹta nínú márùn-ún, 68. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú méje bíi ti NBA, 71. Ibi tí èrè ti pọ̀ jù ni ibi téèyàn ti kúrò lórí eré kan bọ́ sórí mẹ́ta, ibẹ̀ náà ni ìnáwó sì ti kéré jù.

Bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń jù láti òkèèrè, ló ń dá kún wàhálà náà. Ẹgbẹ́ tó ń ju 30 lálẹ́, tí 35 nínú 100 sì máa ń wọlé fún un, lè rí 8 jù wọlé lónìí kó sì rí 13 lọ́túnla, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ohunkóhun padà. Àmì 15 nìyẹn. Petro fi 13 na Al Ahly Ly nínú àṣekágbá 2024, 107 sí 94. Mi ò sọ pé kò tọ́ sí Petro. Ohun tí mò ń sọ ni pé àlàfo tó tó bẹ́ẹ̀ lè ti inú oríire alẹ́ kan wá.

Ìdíje ABA, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ inú rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Yugoslavia àtijọ́, ti la èyí kọjá. Ní Zagreb ní 2010, Bojan Bogdanović ju alámì mẹ́ta wọlé nígbà tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan mọ́, Cibona ti ń yọ̀. Partizan ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀yìn ìlà, Dušan Kecman fi í ránṣẹ́ láti nǹkan bí àárín pápá, ó sì wọ àwọ̀n: 75 sí 74. Eré kan ṣoṣo ni. Láti sáà 2014-15 ni àṣekágbá wọn ti di ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹta nínú márùn-ún. Korona dá ti 2020 dúró, ṣùgbọ́n ti 2019, 2021, 2022 àti 2023 ló dé eré karùn-ún. Crvena zvezda fi 3-2 borí Partizan ní 2022, Partizan sì dá a padà fún wọn ní 2023, 3-2 bákan náà. Ọmọ tiwa náà wà nínú ẹgbẹ́ Zvezda tó gba ife ní 2019: Michael Ojo, tí wọ́n bí ní Èkó. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ níbi ìgbáradì ní Belgrade, oṣù kẹjọ 2020, ẹni ọdún 27. Ó dùn wá gan-an.

Ohun tó mú kí irú àṣekágbá yẹn dùn ún wò ni èsì tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń fún ara wọn láti eré dé eré. Ẹ wo pick and roll, níbi tí sẹ́ńtà, ẹni gíga tó ń gbá nítòsí àwọ̀n, ti ń fi ara dínà fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó mú bọ́ọ̀lù, tí yóò sì já lọ síwájú. Nínú eré kìíní, sẹ́ńtà tó ń dènà dúró sẹ́yìn nítòsí àwọ̀n, adarí eré alátakò, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú, wá ń rí àyè ju bọ́ọ̀lù láti àárín méjì láìsí ẹni tó dí i lọ́wọ́. Wọ́n wo fídíò mọ́jú. Ní eré kejì, sẹ́ńtà náà gòkè wá pàdé adarí eré níbi tí wọ́n ti fi ara dínà. Adarí eré ò lè jù ú mọ́, ló bá já a fún sẹ́ńtà tirẹ̀ tó ń já lọ síwájú, tó gbà á ní ìlà bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ igun pápá sáré wọlé wá dí i, igun ṣí sílẹ̀, bọ́ọ̀lù dé ibẹ̀, alámì mẹ́ta sì ni, torí mítà 6.60 péré ni ìlà wà sí àwọ̀n ní igun, ó sún mọ́ ju 6.75 tó wà níwájú. Eré kẹta ni ẹ máa tó mọ ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà pinnu láti fi sílẹ̀ lófo: ó máa ń jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dára jù láàárín àwọn márààrún. Nínú àṣekágbá BAL, eré kìíní ni gbogbo èyí ń parí sí.

Fáòlù náà ń bẹ ńbẹ̀. Òfin FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jùsáwọ̀n àgbáyé, ni BAL ń lò, fáòlù karùn-ún ló ń lé èèyàn jáde. Bí sẹ́ńtà bá ti jẹ méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, orí ìjókòó ló sábà máa ń wà títí di ìdajì eré, iṣẹ́ odidi ọdún lè bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìnáwó, ABA ń rin ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú. BAL kò ní i rìn, ẹgbẹ́ méjèèjì ti wà ní ìlú kan náà tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n gbá eré kìíní lọ́jọ́ Àìkú, èkejì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀kẹta lọ́jọ́bọ̀ bó bá pọn dandan. Òtẹ́ẹ̀lì òru mẹ́rin sí i fún ẹgbẹ́ méjì, owó gbọ̀ngàn, àti àkókò tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò lè dá lójú tẹ́lẹ̀, èyí tó le jù nìyẹn. Kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì eré kẹta pẹ̀lú àdéhùn pé owó á padà láàárín ọjọ́ mélòó kan bí kò bá wáyé. Ìdíje ipò kẹta kò sì yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni kí wọ́n gbé e sí, nígbà tí àwọn méjì yòókù ń sinmi.