Àyẹ̀wò ọdún 2025: ṣé káàdì góòlù bàálù mi ń pa owó wọlé?

Owó ṣọ́ọ̀bù mi ní Balógun ti kúrò nílẹ̀. Gbèsè àwọn tó gba aṣọ ẹbí ṣì wà níta, ìyẹn ti di ti ọdọọdún. Ohun tí mo fẹ́ dá ṣírò lọ́tọ̀ lọ́dún yìí ni káàdì góòlù tí ilé iṣẹ́ bàálù fún mi torí pé mò ń wọ bàálù wọn lemọ́lemọ́. Ó máa kú lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá kí n jí i dìde tàbí kí n jẹ́ kó sùn.

Kì í ṣe pé mo wá káàdì yẹn lọ. Ẹ rántí 2022 sí 2023, nígbà tí owó àwọn ilé iṣẹ́ bàálù há sí Nàìjíríà, tí wọn ò rí dọ́là kó jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù lágbàáyé, ní ohun tó há síbí lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Emirates tiẹ̀ palẹ̀ mọ́, kò fò wá mọ́ títí di oṣù kẹwàá ọdún 2024. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú wá di àwátì. Éjẹ́ǹtì mi á ní, "Màmá, kíláàsì kékeré ti tán o," á wá pe iye kan tí màá fi wá àga jókòó. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kíláàsì tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n fi ń ka máìlì fún èèyàn, máìlì tó bá sì pé iye kan ló ń sọ èèyàn di góòlù. Lẹ́tà olówó pọ́ọ́kú lè má gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì tí ẹ fò. Lẹ́tà olówó gọbọi á gbà á tán. Ọ̀wọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn ló sọ mí di ẹni góòlù.

Guangzhou ni mò ń lọ, ọjà aṣọ Zhongda, Addis Ababa ni mo sì ń gbà kọjá. Ethiopian tí mò ń wọ̀ ti wà nínú Star Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù tó ń bá ara wọn ṣe, láti 2011. Turkish, Lufthansa àti EgyptAir náà, tí gbogbo wọn ń wá sí Èkó, wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gba góòlù lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, àwọn tó kù á dá a mọ̀: láńjì, ìlà tó kúrú, wíwọ bàálù ṣáájú, àti báàgì kan lé, tàbí 20 kílò lé níbi tí wọ́n bá ti ń fi kílò ka ẹrù.

Láńjì dára. Mo jókòó síbẹ̀ jẹun, mo fi àwòrán léèsì ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Àmọ́ àwọn káàdì báǹkì kan wà tó ń gbé èèyàn wọ láńjì. Ìlà kúkurú náà dára, àfi pé ìdí kántà ní Ìkẹjà ló mọ. Tí ẹ bá ti dé tábìlì àwọn tó ń tú ẹrù, wọn ò mọ góòlù yàtọ̀ sí páànù. Ti bébà tí wọ́n ń so mọ́ ẹrù pé kó kọ́kọ́ jáde, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo ti dúró ti ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù jáde títí àwọn tó jókòó sídìí bàálù fi délé wọn.

Báàgì yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Lálẹ́ tí ilẹ̀ bá máa mọ́ tí a ó padà, ilẹ̀ yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Màá yọ páálí tí wọ́n fi ká léèsì, torí páálí ń jẹ kílò. Màá tẹ́ léèsì oní yáàdì márùn-ún márùn-ún léra pẹlẹbẹ, màá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, màá fa síìpù. Màá wá fi ìwọ̀n olókọ́ọ́ gbé e sókè: 22.8. Ó tó, ẹnikẹ́ni má ki síkáàfù kankan bọ̀ ọ́ mọ́. Ká ní éjẹ́ǹtì kágò ń gba dọ́là mẹ́jọ lórí kílò kan, báàgì ọ̀fẹ́ oní 23 kílò ti bá mi dá dọ́là 184 sí, ó sì bá mi dé lọ́jọ́ kan náà. Aṣọ ẹbí tí ìnáwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì kò ní dúró de kágò.

Ṣùgbọ́n ní 2024, wọ́n san èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó há, tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú sì padà dé. Èyí tí mò ń rà báyìí kì í kó máìlì jọ. Kí góòlù má bàa bọ́, àfi kí n máa fi owó ra lẹ́tà olówó gọbọi, tí iye tí màá fi kún un bá sì ti kọjá dọ́là 184, èmi ni mò ń ra báàgì "ọ̀fẹ́" yẹn. Máìlì tí wọ́n fi ń ka ipò yàtọ̀ sí èyí tí a lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ti àjọ, bí mo bá dá a fún ọjọ́ méjì péré, alájọ á gbé ti ọjọ́ kan fún mi. Tibí, bí ìgbà bá pé tí máìlì ò pé, òdo la ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ibòmíì tiẹ̀ ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2024, owó tí èèyàn ná ni Delta, ilé iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà, ń wò: góòlù wọn, 10,000 dọ́là. British Airways ṣe tirẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún yìí: pọ́n-ùn kan tí ẹ bá ná, máàkì kan; góòlù, 20,000 máàkì. Ẹ ka pọ́n-ùn sí 2,000 náírà, ogójì mílíọ̀nù nìyẹn, wọn ò sì ka owó orí mọ́ ọn. Àbúrò ọkọ mi tí mò ń pè ní Akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo ní Victoria Island, ló là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Ìyàwó wa, káàdì yìí kì í ṣe fún ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi owó ara yín ra tíkẹ́ẹ̀tì." Òtítọ́ ni. Ilé iṣẹ́ ń sanwó, Akọ̀wé ń gba káàdì.

Ní 2026, mi ò ní fi kọ́bọ̀ kún tíkẹ́ẹ̀tì torí góòlù. Èyí tó bá fún mi ní báàgì méjì tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ ni màá wọ̀, ì báà jẹ́ ti Emirates tí kò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe. Iléyá máa bọ́ sí ìparí oṣù karùn-ún, káàdì mi sì ń kú ní oṣù kẹfà, nítorí náà báàgì ọ̀fẹ́ tó gbẹ̀yìn, ẹrù Iléyá ló máa gbé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú aṣọ ẹbí, ẹ tètè san àsansílẹ̀.