Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ewé gbígbẹ ṣáájú èèpo tútù

Bí ẹ ò bá tíì ní àpò ewé gbígbẹ nílẹ̀, ẹ má tíì da èèpo kankan sínú rọ́bà ajílẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí ẹ fẹ́ kí èèpo oúnjẹ ti jẹrà di ajílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dùn mí dọ́kàn jù nìyí, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹlẹ̀.

Oṣù kẹfà, nínú òjò, ni mo bẹ̀rẹ̀. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèrí ògì nìkan ló wà nínú rọ́bà ọ̀dà lítà 20 náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo ṣí i, òkè rẹ̀ ṣì dà bí ohun tí èèyàn bẹ lánàá. Mo fi igi tú u: abẹ́ rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀ bí ilá, ìdin funfun ń yí láàárín èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi pupa rúsúrúsú sì ti ga tó ìka mẹ́rin nísàlẹ̀, nítorí pé ihò kan ṣoṣo ni mo lu sí ìdí rọ́bà, èèrí sì ti dí i. Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ gba gbogbo àgbàlá. Màmá onílé fi ìborùn bo imú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ní, "Ìyá Tóbi, kí ló kú síbẹ̀?" Wọ́n ní kí n dáná sun ún kílẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ iná yẹn ló gún mi jù, torí kí n má baà sun ìdọ̀tí mọ́ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ò wọlé. Èèpo tútù máa ń wó lé ara wọn, omi ara wọn á dí gbogbo àlàfo, àwọn kòkòrò àìrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ á sì gba ibẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkìtì ìdọ̀tí ńlá bíi Olúṣósùn ní Ọ̀jọ́tà, l'Ékòó, níbi tí oúnjẹ àti ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ti wà lórí ara wọn. Afẹ́fẹ́ methane ló ń ti ibẹ̀ jáde. Kílò kan rẹ̀ máa ń há ooru mọ́ ayé ní ìlọ́po bíi 28 ju kílò kan carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tó ń ti inú èéfín ọkọ̀ àti iná jáde, lọ láàárín 100 ọdún. Ohun tí mo torí ẹ̀ ò kó èèpo fún ọkọ̀ tó ń kó ilẹ̀ gan-an ni mo ń sè lẹ́yìnkùlé.

Mi ò sọ pé rọ́bà kan ló máa tún ojú ọjọ́ ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì àti ìjọba ní tiwọn láti ṣe. Ṣùgbọ́n èèpo iṣu ilé mi, èmi ni mo bẹ ẹ́.

Kóńgò ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: kóńgò mẹ́ta ewé gbígbẹ sí kóńgò kan èèpo tútù. Ewé ló ń la àyè fún afẹ́fẹ́, òun náà ló ń fa omi mu. Ewé máńgòrò àti ewé fúrúùtù dára, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ rún wọn, torí bí wọ́n bá sùn pẹrẹsẹ lórí ara wọn, wọ́n á dí afẹ́fẹ́ bí àwo. Háhá àgbàdo gbígbẹ náà dára. Lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́míìlì máa ń kì pọ̀, ẹ má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé lọ. Ìgbà ọyẹ́ ni ewé ń wọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ti kó o sínú àpò ìrẹsì mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ so ó, kí ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé. Tó bá di òjò, ẹ ò ní rí i mọ́. Páálí tí kì í dán, tí ẹ ya wẹ́wẹ́, ló yọ èmi.

Ní ti rọ́bà, ẹ fi ẹ̀mú mú ìṣó ńlá, ẹ fi í sínú iná kó gbóná, ẹ fi lu ihò mẹ́wàá sí ìdí àti ogún sára, níta gbangba nítorí èéfín. Ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì, ẹ gbé àwo sábẹ́, ẹ tẹ́ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹ gé èèpo iṣu kó má ju ìka lọ; orí iṣu tó bá wọlé lódindi á hù. Ẹran, ẹja, epo àti ọbẹ̀, rárá. Ewé gbígbẹ ni kó máa wà lókè nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eṣinṣin á yé sí i. Ẹ máa tú u ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta.

Láti mọ̀ bóyá omi rẹ̀ ṣe déédéé, ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ fi ọwọ́ fún un pọ̀. Bí omi bá kán lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó tó. Bí ó bá ń ṣàn, ewé gbígbẹ. Bí èèrà bá ń ṣù níbẹ̀, ó ti gbẹ jù, ẹ wọ́n omi sí i. Bí ó bá ń rùn bí ìtọ̀ àná, ohun tútù tàbí ìgbẹ́ adìẹ ti pọ̀ jù: ewé gbígbẹ náà ni.

Mi ò sun tèmi. Mo ro omi rẹ̀ nù, mo po páálí mọ́ ọn, ní ọjọ́ kẹrin òórùn ti lọ.

Rọ́bà kékeré kì í gbóná tó òkìtì ńlá, nítorí náà kóró tòmátì àti ata kì í kú nínú rẹ̀. Ẹ ó máa rí wọn tí wọ́n ń hù láàárín ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá, ẹ dì í pa, ẹ tú u ní ọjọ́ kẹta. Bí ó bá ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ẹ kó o sídìí ẹ̀fọ́. Bí ó bá ń rùn kíkan, kò tíì jinná, ó lè pọ́n ewé ẹ̀fọ́ yín. Ẹ dà á padà, ẹ bu ewé gbígbẹ sí i, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.