Fèrè ti dé ọrùn mi

Àárọ̀ òní ni mo kọ́kọ́ fi fèrè kọ́rùn gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì bọ́ọ̀lù. Pápá eléruku kan ni, ní Adámásìngbà, n'Íbàdàn, kò jìnnà sí pápá ìṣeré Lekan Salami tí 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, ti ń gbá. Ọmọ 18 ń wò mí lẹ́nu. (Nígbà tí mo ń gbá nọ́ńbà 7 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi gan-an kì í gbọ́ ti kóòṣì!)

Bàtà ọmọ kan ti lanu, ló bá fi okùn ọ̀rá dì í. Bó ṣe ta bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ pápá, mo gbàgbé ara mi, mo sáré wọlé, mo gbá a sáwọ̀n.

"Kóòṣì, ṣé ẹ̀yin náà ń gbá ni?"

Ojú tì mí, àmọ́ ẹsẹ̀ ṣì ń yún mi títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì, ṣé ẹsẹ̀ tiyín náà máa ń yún yín?