Nọ́ḿbà fóònù kan, ọmọ méjì

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ lọ́mọ tó máa kọ JAMB lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ tètè ra síìmù mìíràn sílẹ̀ fún un o, mo bẹ̀ yín. Nọ́ḿbà tí ẹ̀gbọ́n bá ti fi ṣe tiẹ̀, àbúrò ò lè fi ṣe mọ́, nọ́ḿbà kan ọmọ kan ni. Wàá fi NIN ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, kóòdù á wọlé sórí fóònù yẹn, kóòdù yẹn lo máa mú lọ síbi tí wọ́n ti ń rẹ́gísítà. Lójú ẹni tó ń gbé Maitama, àdúgbò olówó l'Ábùjá, kí ló le ńbẹ̀? Àmọ́ lọ́dọ̀ wa ní Suleja níbí, ilé tó jẹ́ fóònù màmá nìkan ni fóònù ilé pọ̀ jàre, òun ni wọ́n fi ń pe oníbàárà, òun ni wọ́n fi ń gba álẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ̀gbọ́n bá ti lò ó, àbúrò á máa tọrọ nọ́ḿbà ẹni ẹlẹ́ni kiri. Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa, ọmọ tó mọ̀wé gan-an, nọ́ḿbà aládùúgbò ló lò, aládùúgbò ti gba Kánò lọ, fóònù ẹ̀ ò lọ, ìgbà tí wọ́n máa fi rí i bá sọ̀rọ̀ wọ́n ti pa rẹ́gísítérésọ̀n dé. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù màmá ẹ̀.

Àtọdún 2015 ni JAMB ti kúrò lórí pépà pátápátá, mi ò sì bá wọn jà lórí ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ro ti ọmọ tí ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí: bọ́tìnnì mẹ́jọ péré lèèyàn lè fi ṣe ìdánwò náà tán, A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S tó o bá ti ṣe tán, R tó o bá fẹ́ padà sínú ẹ̀. Kò nílò máòsì rárá. Ẹni tó ronú kan ìyẹn mọ irú ọmọ tó ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀, ó wú mi lórí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì ni wọ́n fún wọn, ẹ ṣírò ẹ̀, ìbéèrè kan ò tó ìṣẹ́jú kan, ọmọ tó bá ṣì ń wo kíbọ́ọ̀dù kó tó rí N, àkókò ti ń lọ. Níbo ló ti fẹ́ kọ́ ọ? Kafé ń gbowó wákàtí, iná ò sí, wọ́n á ní epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n. Dátà náà ò dúró síbi tó wà, láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí àfikún owó ní 2025.

Ọdún 2025 yẹn náà ni kọ̀ǹpútà JAMB ṣe ségesège l'Ékòó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún nílẹ̀ Ìgbò, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ọ̀gá JAMB nígbà náà, tọrọ àforíjì, tí omi bọ́ lójú ẹ̀ níwájú kámẹ́rà, wọ́n sì ní kí ọmọ tó lé ní 370,000 wá tún un kọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn yẹn, orúkọ wọn wà lórí ẹ̀rọ. Ọmọ tí kóòdù ẹ̀ bá aládùúgbò lọ sí Kánò ńkọ́? Kò sí lára àwọn tó kọ ọ́, kò sí lára àwọn tó féèlì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ní Bwari, níbi tí oríléeṣẹ́ JAMB wà, pé ó fẹ́ kọ ìdánwò rárá, bẹ́ẹ̀ Bwari ò jìnnà sí wa. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Fún àwa àgbà, íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe wá lóore. Mo mọ nọ́ọ̀sì kan ní Madalla tó ń ṣe dìgírì NOUN, yunifásítì ìjọba téèyàn lè ti ilé kà, orí fóònù ló ti ń kàwé lóru, kò fiṣẹ́ sílẹ̀. Òun ní fóònù tiẹ̀, owó oṣù ẹ̀ ló fi ń ra dátà.

Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ò wọ́n níbí, ṣọ́ọ̀ṣì wà, mọ́ṣáláṣí wà, gbogbo wa la máa ń dáwó àríyá ìparí ọdún. Kí wọ́n tó ṣí fọ́ọ̀mù ló yẹ ká ti lọ láti ojúlé dé ojúlé. Èmi á mú ìwé kan wá sí ìpàdé tó ń bọ̀: orúkọ ọmọ, ṣé NIN ẹ̀ ti jáde, nọ́ḿbà wo ló fẹ́ lò, ta ló ni fóònù náà.