Ìgbẹ́ ẹlòmíì ni wọ́n fi wo màmá mi

"Ìgbẹ́ ẹlòmíì kẹ̀?" Màmá mi pariwo nígbà tí dókítà ṣàlàyé tán. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kòkòrò C. difficile ti fi ìgbẹ́ gbuuru gbẹ wọ́n. Bí oògùn apakòkòrò bá ti tán, ó tún dé. Oògùn yẹn náà ló ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun tó yẹ kó lé e jáde.

Wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹni tó fi ìgbẹ́ tọrẹ, wọ́n po ìgbẹ́ náà mọ́ omi iyọ̀, wọ́n sẹ́ ẹ. Omi aláwọ̀ ilẹ̀ lásán ni mo rí nínú síríńjì. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà ni wọ́n fi gbé e wọ inú ìfun màmá mi.

Láti 1958 ni dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Ben Eiseman, ti kọ nípa irú ìtọ́jú yìí ní Amẹ́ríkà! Kí ló dé tá a pẹ́ tó báyìí ká tó gbọ́?

Màmá ti ń jẹun, ìgbẹ́ gbuuru ti dá. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tọrẹ yẹn.